Ìrẹsì Tí Mo Fi Gáàsì Ìgbẹ́ Màlúù Sè

Mi ò ní sọ ọ̀nà oko tí ó jẹ́, nítorí àwọn ènìyàn ṣì ń gbà á. Igi ìdáná ni mo lọ ṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn fi jáde sí mi. Mo sá bọ́. Títí di òní, bí ewé gbígbẹ bá ta lẹ́yìn ilé, àyà mi á já.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò wọ igbó mọ́. Ó ń sin màlúù díẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Araromi-Obu, ó sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ màlúù dáná. Ó mú bíríkìlà wá láti Ore, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, wọ́n sì dé e pa. Láràárọ̀ ni mò ń po ìgbẹ́ mọ́ omi, tí mò ń fi ọwọ́ fọ́ kókó inú rẹ̀ kí n tó dà á sí kòtò. Gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde ń gba inú páìpù wá sí sítóòfù mi. Iná rẹ̀ kò rú èéfín, kò sì rùn.

Nígbà tí ìkórè ìjọ wa kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ru ìdì igi kan wá fún oúnjẹ àlejò, bí a ti máa ń ṣe. Mo ní ìrẹsì ni èmi yóò sè wá láti ilé.

Ìyá tó jẹ́ olórí àwa obìnrin ìjọ bú sẹ́rìn-ín. "Ìrẹsì ìgbẹ́! Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ kí àwọn àlejò máa ké bíi màlúù nínú ìjọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ìgbẹ́ kò dé inú ìkòkò."

"Gbogbo wa là ń wọ igbó. Àbí ẹ̀rù tìrẹ ju tiwa lọ?"

"Ó jù ú lọ, mà. Ẹ̀yin ò rí ohun tí mo rí."

"Ẹni tí kò bá gbé igi wá kò ní bá wa jókòó."

Lọ́jọ́ ìkórè, ìrẹsì ni mo gbé dé. Wọ́n tì í sábẹ́ tábìlì. Mo gbé e padà sáàárín oúnjẹ yòókù, mo ṣí i, mo bu tèmi, mo sì jókòó ti olórí wa.

"Dìde níbẹ̀."

"Mi ò dìde, mà." Mo ń jẹun lọ.

Ìyàwó àgbẹ̀ àlejò kan na àwo rẹ̀ sí mi. "Ẹ bù ú fún mi jàre. Ebi ń pa mí, bó tilẹ̀ jẹ́ màlúù ló sè é."

Òun nìkan ló jẹ ẹ́ pẹ̀lú mi. Mo ru ìyókù lọ sílé. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ní kí n gbé igi wá fún ọdún tó ń bọ̀. Mo dìde, mo ní ìrẹsì ni.