Ìwé Tí Ọnọrébù Mú Wá fún Alága Wọ́ọ̀dù

Bàbá Cornelius Akínbọ̀dé kò du ipò aṣòfin rí láyé rẹ̀. Káfíńtà ni, ní Ajílété. Àga àti férémù ilẹ̀kùn ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí àwọn ológun ti gbé ìjọba sílẹ̀ ló ti jẹ́ alága wọ́ọ̀dù fún Ẹgbẹ́ Ìpìlẹ̀. Pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù.

Ẹgbẹ́ Ìpìlẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ aláriwo. Ohun tí wọ́n ń wí kò ju pé kí a má fi ìkánjú tún ìlú ṣe, kí a má sì wó ògiri tí a kò mọ ìdí tí àwọn baba wa fi mọ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá Cornelius lára bí ẹni pé ẹnu baba tó bí i ló ti jáde. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ dé Abuja, aṣòfin mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n ní nílé ìgbìmọ̀. Lọ́jọ́ tí rédíò ń ka orúkọ wọn, Bàbá jókòó tì í títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Ìbò mìíràn dé, wọ́n di mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́rìnlá. Àwọn kan kú, àwọn kan bá ìjọba lọ, àwọn kan ní ẹgbẹ́ àwọn arúgbó ni. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tó kọjá yìí tán, ẹnì kan ṣoṣo ló kù sí Abuja lórúkọ Ẹgbẹ́ Ìpìlẹ̀. Ọmọ Ajílété ni, Ọnọrébù Ayọ̀dàmọ́lá Ògúnníyì.

Bàbá Cornelius ló bá a tọrọ ìbò náà láti agboolé dé agboolé, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ohun kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "Ẹ dìbò fún un. Èmi ni mo ní kò ní fi wá sílẹ̀." Bí àwọn kan bá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú, á ní, "Ilé tí ẹnì kan ṣì ń gbé, wọn kì í pè é ní ahoro."

Lọ́jọ́rú kan nínú oṣù kẹsàn-án, Ọnọrébù pè é lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ wá rí i nílé lọ́jọ́ Sátidé. Inú Bàbá dùn púpọ̀. Ó rò pé ọmọ náà ń bọ̀ wá dúpẹ́ ni, nítorí kò tíì yọjú sí wọn láti ìgbà tó ti wọlé. Kò bi í ní ìdí. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó kù, àwọn mọ́kànlá. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Dinah, se àdàlú ìkòkò ńlá kan.

Abdulfatah, ọlọ́kadà tó jẹ́ akọ̀wé wọn, ló kọ́kọ́ dé. "Màmá, ẹ fi epo sí i dáadáa o. Ẹni tó ń ti Abuja bọ̀ kì í jẹ ẹ̀wà funfun."

"Ìwọ tí o ń ti orí ọ̀kadà bọ̀ ńkọ́?"

"Èmi? Bó pupa, bó funfun, ikùn mi kì í bi í léèrè."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Ọnọrébù wọlé. Bó ṣe rí èrò lórí bẹ́ǹṣì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé ẹ pe èèyàn."

"Tìẹ ni wọ́n wá ṣe. Dìde, ọmọ mi."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé kan fún Bàbá. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé pé ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí alága wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí alága sì fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á. Bàbá mọ òfin yìí dáadáa, òun ló ń kà á sí wọn létí lọ́dọọdún.

"Kí ló dé, Dàmọ́lá?"

"Bàbá, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Bí mo bá dìde sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń kín mi lẹ́yìn. Afárá tí ẹ ní kí n béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e síwájú wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín."

"Ọ̀gá, ẹ̀rín kì í pa èèyàn o," ni Abdulfatah wí. Ó wá súnmọ́ Bàbá, àmọ́ gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. "Bàbá, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ẹ ò bá gbà á, kò tíì lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ kí àbúrò yín ní Ìmẹ̀kọ, ká sì pẹ́ níbẹ̀. Epo wà nínú ọ̀kadà mi."

Bàbá tẹjú mọ́ ìwé náà. Òótọ́ ni pé bí òun bá kọ̀, ẹgbẹ́ yóò ṣì ní ẹnì kan l'Abuja, bó jẹ́ lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí òun sọ fún àwọn ará agboolé kò sì tíì di irọ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí òun ti ń wí pé a kì í sá fún òfin nítorí pé ó dùn wá.

"Abdulfatah, bá mi mú bírò wá."

"Bàbá!"

"Ì bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó wá fúnra rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí òfin ṣe ní kó ṣe é nìyẹn."

Ó fọwọ́ sí i. Ó kọ ọjọ́ oṣù sí i. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún àlejò, ṣùgbọ́n Ọnọrébù kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán, Màmá Ifákẹ́mi, tó dàgbà jù nínú wọn, la ẹnu.

"Cornelius, ìwọ lo ní kò ní fi wá sílẹ̀."

"Èmi ni, Màmá."



Òfin ní kí ẹ̀dà ìwé náà dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ l'Abẹ́òkúta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá wọ bọ́ọ̀sì lọ. Aránṣọ kan, Olúwakẹ́mi, ló bá nínú ọ́fíìsì náà, tó ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ.

"Ẹgbẹ́ wo, Bàbá? Àwọn tó wà níbí ti kó lọ láti oṣù kẹta."

"Ibo ni wọ́n kó lọ?"

"Wọn ò sọ o. Ẹ jókòó ná, ẹ sinmi." Ó wò ó dáadáa. "Àbí ẹ̀yin lẹ ń kọ̀wé láti Ajílété? Àwọn awakọ̀ máa ń já wọn síbí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpòòwé mẹ́fà jáde lábẹ́ tábìlì. Ìròyìn ìpàdé oṣooṣù tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ya nínú wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ló délé.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Màmá Dinah bi í.

"Wọn ò sí níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n ń padà bọ̀ ni?"

Bàbá to àwọn àpòòwé náà sórí tábìlì, ó fi ẹ̀dà ìwé Ọnọrébù lé wọn, ó sì ní kó bá òun bu omi wá.