Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Ti Ìsọ̀ Pa

Bí mo bá ti gbóòórùn àǹkárá tuntun lọ́jà Tẹ̀júoṣó, ọjọ́ ìbò bàbá àgbà ni mo máa ń rántí. Òun ló kọ́kọ́ ṣí ìsọ̀ aṣọ ládùúgbò wa ní Mushin, ló bá lóun fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀.

Ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ làwọn olùdìbò ń tò sí nígbà yẹn. Èmi ọmọdé rò pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n kà wọ́n, ìlà bàbá àgbà àti ti alátakò rẹ̀ dọ́gba.

"Bàbá aláǹkárá, ẹ padà sídìí aṣọ yín!" làwọn tó wà lẹ́yìn alátakò ń pariwo.

Ni ìyá àgbà bá ti ìsọ̀ pa, ó wá tò sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ní:

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ gba èènì yín!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé bàbá àgbà sọ́rùn. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà bá a sọ láti oṣù mẹ́ta nìyẹn, torí kò fẹ́ kó ṣe òṣèlú.