Bíríkì Irinwó ó lé Méjìlá àti Ọkùnrin Kan

Ògiri ilé ẹjọ́ àtijọ́ wó lu ẹ̀gbọ́n ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ ilé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní lásán ni mí, mo sì ti pa ìpínrọ̀ yìí rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá mi ò lóye bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìròyìn tí ọ́fíìsì ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbé jáde. Wọ́n ní bíríkì irinwó ó lé méjìlá ló fara pa. Mẹ́sàn-án nínú wọn ṣì wà nínú ewu. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò sí nínú ìròyìn náà.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ là ń pè é. Ilé náà ò ní òrùlé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù, síbẹ̀ ó máa ń tì í nírọ̀lẹ́, á tún padà wá wò ó bóyá ó tì dáadáa. Nígbà tí iléèwé máa ń kó wa lọ wo ilé náà, tá a bá pariwo nínú yàrá adájọ́, á ní, "Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ yìí. Wọn ò tíì dájọ́."

Ó kọ lẹ́tà méje sí ọ́fíìsì náà pé ògiri ti ń tẹ̀, kí wọ́n fún òun ní igi tí òun máa fi tì í. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dáhùn: títẹ̀ ògiri náà ti di ara ìtàn orílẹ̀-èdè wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ta ló kọ irú èyí, tó buwọ́ lù ú, tó sì lọ jẹun ọ̀sán?

Nígbà tí ògiri wó, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ àlàpà. Ó pe ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó má gbé bíríkì kankan. Gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà, wọ́n gbọ́dọ̀ ya fọ́tò wọn bí wọ́n ṣe ṣubú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n lé ọkùnrin yìí sílé fún oṣù kan torí bíríkì ẹyọ kan tó gbé kúrò lójú ọ̀nà. Ó gbọ́ràn. Wákàtí méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó dé fi ń fi aṣọ funfun wé bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà sọ fún wa pé ká ní wọ́n tètè gbé e jáde ni, kò ní kú.

Mo tẹ̀lé ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lọ sí ọ́fíìsì náà. Ó na ìròyìn wọn sí akọ̀wé kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi dà nínú ìwé yìí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ìwé ohun tó bàjẹ́ nìyẹn."

"Kí ló wá ṣẹ́ kù lára ọkọ mi tí kò bàjẹ́?"

Akọ̀wé náà yẹ ìwé wò títí. "Kò ní nọ́ńbà, Mà."

Mo fẹ́ràn ilé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn; torí rẹ̀ ni mo ṣe ń ka ìtàn ní yunifásítì. Bóyá mo ṣì kéré láti béèrè, àmọ́ ta gan-an là ń tọ́jú ìrántí ilẹ̀ yìí dè? Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìròyìn wọn, kó ṣíwájú bíríkì. Kí wọ́n fi igi ti ògiri tó kù, káwọn ọmọ iléèwé tó padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹni tó dáhùn fóònù ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun sì wá sí yàrá ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kó jókòó, kó tún ohun tó sọ lọ́jọ́ náà sọ fún un lójú kojú.