Òdòdó Tí Ọkọ Mi Gbìn Sílùú Òyìnbó

Ọkọ mi ló gbin òdòdó náà sẹ́yìn ilé wa nílùú òyìnbó, lọ́dún tí a ra ilé ọ̀hún. Haidirénjíà ni wọ́n ń pè é. Tiwa kì í ṣe irú èyí tí orí rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Orí tirẹ̀ gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lókè. Bó bá kọ́kọ́ yọ, á funfun. Bí ìgbà ooru wọn bá ń parí lọ, á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí á fi dà bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun.

Bí òtútù bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣì gbẹ bí igi ìdáná, ọkọ mi á gé e kúrú. Mo máa ń pariwo pé ó ti pa á.

"Ara ẹ̀ka tuntun ló ti ń yọ òdòdó," ni yóò wí. "Ìwọ ṣáà máa wò ó."

Nígbà tí ọkọ mi kú, ìlú òyìnbó náà la sin ín sí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí Àkúrẹ́, torí ìyá mi tó wà ní Oǹdó ti darúgbó, èmi nìkan ló sì bí. Ọmọbìnrin wa ló ń gbé inú ilé wa tó wà lọ́hùn-ún báyìí.

Mo wá òdòdó yẹn kiri Àkúrẹ́. Mo mọ̀ pé òtútù ló ń fẹ́, pé ooru ibí kò ní jẹ́ kó yọ, síbẹ̀ mo ń dúró lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá pàtẹ igi òdòdó sẹ́bàá títì. Obìnrin kan fi òmíràn tó pupa fòò lọ̀ mí. Mo dúpẹ́, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Oǹdó nígbà tí ọmọ mi pè mí lórí fídíò.

"Mọ́mì, igi Dádì ti kú. Ṣé kí n ní kí wọ́n wá hú u?"

"Má hú u!" Igbe mi jí ìyá mi lórí àga. "Fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Kí lo rí?"

"Ó tutù nínú. Àwọ̀ ewé ni."

"Kò kú nìyẹn. Wá ibi tí kókó ewé méjì ti kọjú síra, kó o gé e lókè ibẹ̀."

Ó ń gé e, mo ń wò ó. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lòun náà ń ṣe, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀. Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Igi gbígbẹ yìí lò ń sunkún sí?"

"Ọkọ mi ló gbìn ín, Màámi."

Ó dá fóònù náà padà fún mi. "Èmi náà ò jẹ́ kí wọ́n gé igi ọsàn bàbá rẹ. Kì í so mọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lálẹ́."

Òjò ti ń rọ̀ gan-an níbí kí òdòdó náà tó yọ. Ọmọ mi já díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e lọ sí ibojì bàbá rẹ̀, ó sì tún pè mí láti ibẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ní kó sún fóònù mọ́ ọn dáadáa. Oyin kan wà lórí ẹ̀, ó ń rìn lọ rìn bọ̀.

Ìyá mi na ọrùn wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ó mà dára o. Ṣé òórùn rẹ̀ máa ń ta sánsán?"

Mo ronú títí, mi ò rántí. Ọkọ mi ì bá mọ̀.