Ìlà Tó Wà Lábẹ́ Ìṣẹ́po

Agogo ni gbogbo ará ìkóríta ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá ògiri báǹkì, kò sì sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ohùn náà kò dùn. Ó le, ó sì mú bí ayùn tuntun. Ẹni tó ti gíláàsì ọkọ̀ pa pàápàá yóò gbọ́ ọ.

Ariwo nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Pátákó tó ń pàtẹ sí kò fẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì fẹ̀ bí aṣọ ìnura, nítorí náà ó ní láti ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan po níbàdí kó tó tò wọ́n. Ibi tí ìṣẹ́po bá bọ́ sí ló ń pinnu ohun tí aráyé yóò rí. Ọwọ́ Agogo ti mọ̀ ọ́n. Bí ìlà kìíní àkọlé bá ń dẹ́rù bani, tí ìlà kejì sì ń tu ni nínú, ìlà kìíní nìkan ni yóò wà lókè. Kò ka èyí sí ìwà ìkà. Ọjà ni lójú tirẹ̀.

"Ẹni tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ ò ní ra péépà," ló máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹni tẹ́rù ń bà ló ń rà á, kó lè mọ ibi tó máa sá gbà."

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í ka ìwé ìròyìn. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n kà. Ó kàwé dé ìwé mẹ́wàá. Níbẹ̀rẹ̀, àyè ni kò sí. Nígbà tó yá, ìfẹ́ ni kò sí mọ́. Àkọlé ti tó o.

Ojoojúmọ́ ni ìjọ kan máa ń pé síwájú pátákó rẹ̀, àwọn tó sọ ní akàwé-má-rà. Wọn a káwọ́ sẹ́yìn, wọn a máa bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí lókè ìṣẹ́po.

"Ẹ̀yin akàwé-má-rà, ẹ má fojú jẹ péépà mi tán o! Ẹ ṣẹ́kù fáwọn tó máa sanwó."

"Agogo, kí la fẹ́ fi rà á? Àbí o ò gbọ́ ohun tíwọ fúnra ẹ ń pariwo, pé kò sówó nílùú?"

Ẹ̀rín a sọ. Agogo náà a rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà dùn. Kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún tí à ń wí yìí kò dára, irọ́ kò sí níbẹ̀. Búrẹ́dì wọ́n, owó ọkọ̀ ga, ilé iṣẹ́ méjì kan dín òṣìṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kò korò tó bí Agogo ṣe ń ké e. Ìwé kan kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀; Agogo yọ "ó ṣeé ṣe kí" kúrò torí ó gùn jù lẹ́nu, ó ké pé, "Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ o!" Òmíràn béèrè bóyá ilé kíkọ́ yóò dáwọ́ dúró, Agogo sọ ìbéèrè di ìdáhùn. Kó tó di oṣù kẹta, obìnrin tó ń ta ọ̀dà lódìkejì títì ti ń ráhùn pé wíwò ni àwọn oníbàárà òun ń wò, wọn ò rà mọ́, pé wọ́n ní àwọn ń dúró wo ibi tí nǹkan máa já sí. Obìnrin náà wá ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ Agogo kó lè mọ ohun tó fà á.

Káfíńtà ni bàbá ìyàwó Agogo. Nígbà tí Agogo wá tọrọ ọmọ, àwọn ẹbí béèrè pé kí ni ẹni tó ń ta bébà yóò fi bọ́ ọmọ àwọn. Baba náà ló dáhùn pé, "Ẹni tó ń gbé ìwé lójoojúmọ́ ò lè ya òpè. Ẹ jẹ́ ó fẹ́ ẹ." Láti ìgbà náà ló ti ń fi àna rẹ̀ yangàn. Bí iyàn bá le ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò ní, "Ẹ ṣe sùúrù kọ́mọ mi dé. Ó ń kàwé ju gbogbo wa lọ." Bí Agogo bá dé, á gbé ojú sílẹ̀, àwọn èèyàn á sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ohun tó níyì jù ní ṣọ́ọ̀bù náà ni ẹ̀rọ kan tó ń fá pákó. Àlòkù ni baba rà á, oṣù méjì gbáko ló sì fi ń tú u, tó ń tò ó kó tó dún. Pákó tí ọwọ́ yóò fá láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ẹ̀rọ náà á gbé e mì, á sì pọ̀ ọ́ sódìkejì ní dídán kéèyàn tó fọn ikun rẹ̀ tán. Nítorí ẹ̀rọ yìí ni ìyá kan tó dá ilé-ìwé sílẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màdáámù, fi gbé iṣẹ́ ọgọ́ta àga àti tábìlì fún baba. Kíláàsì tuntun mẹ́ta ló fẹ́ ṣí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù náà rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àkọlé ńlá kan jáde: ÀWỌN ÒBÍ Ń KÓ ỌMỌ KÚRÒ NÍLÉ-ÌWÉ ALÁDÀÁNI. Ọwọ́ Agogo ṣẹ́ ẹ po bó ṣe ń ṣe, ó sì gbẹ́nu lé e.

"Àwọn òbí ń kó ọmọ kúrò o! Ilé-ìwé aládàáni ń dá páropáro o! Ó ń bọ̀ wá kàn wá o!"

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan. Ọkọ̀ Màdáámù dúró níbi iná títì nígbà náà. Agogo rí i. Ó tiẹ̀ tún gbé ohùn sókè sí i, torí ó rò pé yóò rà á. Màdáámù kò rà á. Ó kàn wo iwájú gan-an títí iná fi yí padà, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló pe baba lórí fóònù. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì mú sùúrù ná. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì kí n wo bí àwọn òbí ṣe máa forúkọ ọmọ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, baba wá sílé Agogo. Agogo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Dìde, ọmọ mi. Ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Ó lọ wọn aṣọ fún oníbàárà kan, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ gan-an ni mo wá bá." Baba jókòó sétí àga, ó fi fìlà rẹ̀ kọ́ orúnkún. "Gbogbo ìlú ló ń sọ pé àwọn òbí ń kó ọmọ kúrò nílé-ìwé. Bábà tó ń gẹ irun mi sọ ọ́. Ẹni tó ń ta ìṣó fún mi sọ ọ́. Mo ní mi ò ní gba tẹnu ọjà, àfi tẹnu ẹ. Ẹnì kan fẹ́ ra ẹ̀rọ mi, ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbèsì. Bí Màdáámù ò bá ṣe àga yìí mọ́, kí ni mo fẹ́ máa fi ẹ̀rọ yẹn ṣe? Ìwọ tó kà á, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ó yẹ kí Agogo sọ pé, "Bàbá, òkè nìkan ni mo rí." Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ojú baba wà lára rẹ̀, ojú ẹni tó ń wo ọmọ tó mọ̀wé.

"Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, sà."

"O kà á tán? Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Baba mi orí. "O ṣeun. Ó dáa kéèyàn ní irú ẹ nílé."

Aránṣọ ni ìyàwó Agogo. Àwọn ìwé ìròyìn tó bá ti ya, tí ẹni tó ń pín wọn kò gbà padà, ló fi ń gé pátánì aṣọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ gbalaja lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ na ojú ìṣẹ́po rẹ̀. Agogo tó ń kọjá lọ wẹ̀ yà síbẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni, odindi rẹ̀. Lábẹ́ ÀWỌN ÒBÍ Ń KÓ ỌMỌ KÚRÒ NÍLÉ-ÌWÉ ALÁDÀÁNI, ìlà kejì wà: ní ìlú mẹ́ta tí omíyalé bà jẹ́. Lábẹ́ ìyẹn, ní lẹ́tà kéékèèké: Níbòmíràn, ọmọ tuntun pọ̀ ju ti èṣí lọ.

"Kí lò ń wò?" ìyàwó rẹ̀ bi í, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan kan lojú ẹ fi rí báyẹn?"

Agogo fa ìwé náà yọ lábẹ́ àlùmọ́gàjí, ó sì jáde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù baba kó tó mọ̀ pé bàtà ìyàwó òun ló wà lẹ́sẹ̀ òun.

Ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ihò mẹ́rin tí wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló kù nínú sìmẹ́ǹtì, àti àpá epo onígun mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì ń gbálẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Agogo ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré, kò sì rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò máa wo ojú ibi tí òkò bà sí. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú èérún igi.

"Bàbá, mi ò kà á. Òkè nìkan ni mo rí. Èmi ni mo sì ṣẹ́ ẹ po."

Àwọn òṣìṣẹ́ dá ìgbálẹ̀ dúró. Baba ní kí wọ́n lọ sẹ́yìn. Ó gba ìwé náà, ó nà án jìnnà sójú, ó tún dá a padà.

"Kà á fún mi."

Agogo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ohùn tí ń bẹ nínú rẹ̀ kò tó èyí tí ẹni méjì yóò gbọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́," ni baba wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Bábà tó sọ fún mi, níbo lòun ti gbọ́ ọ?"

"Lẹ́nu mi ni, sà. Iwájú pátákó mi ló máa ń dúró sí."

"Ẹni tó ń ta ìṣó ńkọ́?"

"Ó jọ pé òun náà, sà."

"Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ nígbà náà, mo sì rò pé ìlú ni." Baba pe ẹni tó ra ẹ̀rọ náà lójú Agogo. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní ọjà tí òun ti gbé délé kì í padà. Baba fi fóònù sápò. "Dìde. Má sọ fún ọmọ mi. Àpọ́nlé tó ní sí ọ, èmi ni mo kọ́ ọ. N ò fẹ́ fọwọ́ mi wó o. Wá lọ bọ́ bàtà obìnrin yẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Agogo kò ṣẹ́ ìwé kankan po. Ó fa okùn mọ́ ògiri báǹkì, ó sì so gbogbo ìwé rọ̀ gbalaja bí aṣọ tí a sá. Àwọn akàwé-má-rà dé, wọ́n wò ó.

"Agogo, ṣé ara ẹ ò yá ni? Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?"

"Ẹ kà á fúnra yín."

"A ti kà á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi so wọ́n rọ̀, ìdajì kò sì tà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó tún ṣẹ́ wọn po. Kò sí ẹni tó fipá mú un.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì Màdáámù pé, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Orúkọ ọmọ ti kún, ó fẹ́ ọgọ́ta rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ, kó sì pé kí ilé-ìwé tó wọlé. Baba wo ihò mẹ́rin inú sìmẹ́ǹtì, ó ní ọwọ́ òun kò lè bá a mọ́. Màdáámù gbé iṣẹ́ náà lọ fún ọkùnrin tó ra ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ méjì náà bá iṣẹ́ lọ. Bóyá Màdáámù ìbá ti bẹ̀rù láìsí Agogo. Rédíò wà, ẹnu ọjà wà. Agogo gbìyànjú láti fi èyí tu ara rẹ̀ nínú. Kò tù ú. Rédíò kọ́ ni baba wá bi léèrè lọ́jọ́ Àìkú.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé ìròyìn èké ló mú kí bàbá òun ta ẹ̀rọ, ó sì bínú wọlé.

"Èmi ṣáà fẹ́ mọ ẹni tó kó ìsọkúsọ sí bàbá mi létí. Mo bi í, ó ní òun gbọ́ ọ nígboro. Ìgboro wo? Ìgboro ò lórúkọ ni? Tí mo bá mọ onítọ̀hún, màá ká a mọ́lé ẹ̀."

Agogo mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò parí síbẹ̀. Baba ti fún òun láyè láti dákẹ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè jẹun láti ọjọ́ náà.

"Ilé ẹ̀ lo wà yìí," ló wí.

Kò tètè yé e. Agogo wá sọ ọ́ tán: ìṣẹ́po, ìbéèrè ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mejì tí baba bi í àti ẹ̀ẹ̀mejì tó dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

"Bàbá mọ̀?"

"Ó mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo wọ bàtà ẹ jáde."

"Ó mọ̀, ó sì jókòó níbí lánàá, ó ń pè ọ́ lọ́mọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé ìròyìn ọjọ́ náà síwájú Agogo, ó tú u sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Kà á."

"Èwo níbẹ̀?"

"Ibi tí wọ́n bá kọ nǹkan sí."

Agogo jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ojú ìwé kìíní. Ó ka ti owó epo, ó ka ti àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun, ó ka àlàyé gígùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí kò yé e. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ lọ, kò wo ibi tó wà. Ṣùgbọ́n bí Agogo bá ti fo ìlà kan, ẹsẹ̀ obìnrin náà a dúró lórí ẹ̀rọ. Ó dà bíi pé ohùn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Á kàn dúró títí Agogo yóò fi padà wá ìlà náà.