Obìnrin Tó Dúró Lórí Àgùàlà

Ara-ò-balẹ̀ ni àwọn ará ibi iṣẹ́ ń pè é, kò sì bínú sí i, nítorí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lóòótọ́. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, èjìká rẹ̀ á máa mì bíi ti ẹni tó ń yẹ òkò. Bó bá jókòó jẹun, orúnkún rẹ̀ á máa gbá tábìlì títí omi inú ife á fi máa jó. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ló ń kàn. Lọ́sàn-án, òun ló ń bójú tó yàrá ìwúwo ní ilé àfihàn sáyẹ́ǹsì, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti máa ń wá wo bí wọ́n á ṣe wúwo tó bí wọ́n bá dé òṣùpá.

Yàrá náà gùn tóóró bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn òṣùwọ̀n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá: irin kan náà, gíláàsì kan náà tí nọ́ńbà pupa ń tàn nínú rẹ̀. Pátákó tó wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí èèyàn dúró sí: Òṣùpá, Máàsì, Júpítà, Àgùàlà, Ayé, títí dé Títánì, òṣùpá ńlá kan lára àwọn tó ń yí Sátọ̀nù ká.

"Ẹ̀yin ọmọ, ta ló fẹ́ fúyẹ́?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ẹni tó bá wúwo tó ọgọ́ta kílò níbí, mẹ́wàá péré ni lórí òṣùpá. Ní Máàsì, mẹ́tàlélógún. Àmọ́ kó má tíì máa yọ̀. Kó dé Júpítà ná: á lé ní àádọ́jọ, orúnkún rẹ̀ á sì ké gbàjarè."

"Àǹtí, ṣé ikùn mi á wọlé tí mo bá dé òṣùpá?" Ọmọbìnrin kan ló bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Níbo ló fẹ́ wọlé sí? Gbogbo ẹran ara rẹ lo máa kó lọ, o ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀. Òòfà ibẹ̀ ni kò lágbára, kò lè fà ọ́ mọ́lẹ̀ bí ayé ṣe ń fà ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá sáré fi orí gbá ògiri lóṣùpá, orí rẹ á mọ̀ pé ògiri ni."

Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya lọ sídìí Òṣùpá àti Júpítà. Kò sẹ́ni tó ń yà sídìí Ayé. Ta ló máa wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kí ilé ara rẹ̀? Àgùàlà náà ò ní oníbàárà, nítorí ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti ayé kò pọ̀. Ẹni tó jẹ́ ọgọ́ta kílò níbí, mẹ́rìnléláàádọ́ta ni lọ́hùn-ún. Ìyẹn ò lè pa ọmọdé lẹ́rìn-ín.

Òun nìkan ló ń gun Ayé, láràárọ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìdíje orílẹ̀-èdè ló wà níwájú rẹ̀, ní ìpele àwọn obìnrin tí ìwúwo wọn kò ju ọgọ́ta kílò lọ. Òfin kò gba ẹni tó bá ti ju ogójì ọdún lọ, ogójì ló sì wà. Bí ti ọdún yìí bá bọ́, ó bọ́ náà nìyẹn. Ó ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, kò sì tíì dé ojú ìjà ńlá rí: lọ́dún kan wọn ò yàn án, lọ́dún mìíràn ìyá rẹ̀ kú, lọ́dún tó kọjá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ nídìí àpò ẹ̀ṣẹ́.

Ọwọ́ tó ṣẹ́ yẹn ló mú un jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ń ránṣọ, òun ń bá a fi ọwọ́ kan de bọ́tìnnì, ó sì ń jẹun. Ìgbà tó padà síbi iṣẹ́, ó bá yàrá rẹ̀ ní jágbajàgba. Àwọn akunlé ti tú gbogbo pátákó kúrò lára ògiri, wọ́n ti ti àwọn òṣùwọ̀n jọ sáàárín ilé bí ẹran ìso. Wọ́n ní kó dúró de ẹni tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe. Òun? Dúró?

Fúnra rẹ̀ ló tò ó. Ó gun ọ̀kan, nọ́ńbà tó jáde kéré bíńtín, Òṣùpá nìyẹn. Ó gun ọ̀kan, ó ga fíofío, Júpítà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá Máàsì àti Títánì náà mọ̀. Ó gun òmíràn, ó rí mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó mọ̀ pé mọ́kàndínlọ́gọ́ta lòun, ohun tó wọ̀n kí ọwọ́ tó ṣẹ́ nìyẹn. Ó fi pátákó Ayé kọ́ sókè rẹ̀. Èyí tó kù gba pátákó tó kù, kò tilẹ̀ gùn ún wò. Òṣùwọ̀n ló yẹ kó wọn èèyàn. Obìnrin yìí fi ara rẹ̀ wọn òṣùwọ̀n, ó sì bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn.

Láti ìgbà náà, mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló ń rí. Òṣùwọ̀n kan wà ní ilé ìdárayá, àmọ́ ó ti gbó, kóòṣì wọn fúnra rẹ̀ kì í gbà á gbọ́. Nọ́ńbà tó bá wù ú ló ń sọ.

"Ẹ̀ṣẹ́ rẹ ti ń dun èèyàn o," ni kóòṣì sọ fún un lọ́jọ́ kan, tó ń fọwọ́ pa àyà. "Kí lò ń jẹ?"

"Oúnjẹ ni, sà. Mo ṣì ní àyè kílò kan."

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n á wọn àwọn oníjà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Àgbàlagbà tó sanra ni, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un.

"Àǹtí, jẹ́ n yọ́ wọn ara mi kí ìyàwó mi tó bi mí." Ó gun Ayé. "Ọgọ́rin! Háà! Mo ti jò!"

"Ẹ kú oríire, bọ̀dá."

"Jẹ́ n tún lọ jò sí i ní Àgùàlà. Ṣebí o ní èèyàn ń fúyẹ́ díẹ̀ níbẹ̀?" Ó gun ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ gíláàsì. "Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ẹ gbà mí! Ṣé ojú ọ̀nà ni mo ti jẹun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ara-ò-balẹ̀ dúró gbagidi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní ilé iṣẹ́ náà.

"Bọ̀dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n tí pátákó Àgùàlà wà lókè rẹ̀. Nọ́ńbà pupa náà gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró sórí márùndínláàádọ́rin.

Bí òwe ti wí, Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Èyí tó wà nílé àfihàn ti bá obìnrin kan rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ṣebí ayé ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kunlé, orí Àgùàlà ló ti ń wọn ara rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ gan-an sì fi kílò márùn-ún ju ohun tí ìpele rẹ̀ gbà lọ.

Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ àpò lọ́rùn tó fi sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ṣòkòtò ìjà rẹ. Mo ti tú ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ tú u, ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Mo ní, aya mi, ó dà bíi pé o ń kún o. O ní òṣùwọ̀n olówó iyebíye ni tìẹ, téèpù télọ̀ ni tèmi. Mo bá panu mọ́, mo mú abẹ́rẹ́."

Wọ́n pe kóòṣì, ó dé, ìrònú tirẹ̀ sì yá kánkán. Omi ni kó jáde lára rẹ̀. Kó má mu nǹkan kan mọ́, kó wọ ẹ̀wù òjò oníike, kó ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, kó máa fi okùn fò títí di ìgbà tí wọ́n á wọ̀n ọ́n. Gbogbo oníjà ló ń ṣe é, ó ní. Ohun tí kò sọ ni pé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe é lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n fi gbé e jáde nínú balùwẹ̀ láìmọ ara rẹ̀.

Obìnrin náà wọ ẹ̀wù òjò. Ó fò. Okùn ń gbá táìlì, òógùn ń ro tótótó, ojú dígí ti ṣú. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ okùn. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ògiri bá ń yí.

"Má dúró!" kóòṣì pariwo láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Kóòṣì sà," ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, "ta ni mò ń lù láti ọjọ́ yìí?"

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ń fọwọ́ pa àyà. Ẹ ní ẹ̀ṣẹ́ mi ń dunni. Kílò mélòó ló ń lù yín?"

Kóòṣì tún gbá ilẹ̀kùn.

"Márùndínláàádọ́rin ni, sà. Nọ́ńbà lásán ni Àgùàlà dín kù, kò bù nínú ẹran ara mi. Ara tí mo fi ń sá tí mo fi ń yẹ ẹ̀ṣẹ́ nìyí. Bí mo bá fi balùwẹ̀ bù ú kúrò lónìí, ara ta ni mo máa gbé dé ojú ìjà lọ́la?"

"Gbólóhùn ilé àfihàn nìyẹn," ni kóòṣì wí. "Ìpele tó kàn, tí kò gbọdọ̀ ju mẹ́rìndínláàádọ́rin lọ, ṣé o mọ ẹni tó wà níbẹ̀? Èyí tí wọ́n ń pè ní Awakọ̀ Tírélà. Ọwọ́ obìnrin yẹn gùn bí òpó iná. Wọn ò sì ní gbà ọ́ síbẹ̀ àfi bí àyè bá ṣófo."

"Bí kò bá ṣófo ńkọ́?" ọkọ rẹ̀ bèèrè.

"Ó pa ìdíje jẹ nìyẹn. Pátápátá."

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí. Obìnrin náà ti bọ́ ẹ̀wù òjò, omi ló ń mu láti ẹnu ẹ̀rọ.

*

Àyè ṣófo. Ẹnì kan ní ìpele náà kò wá. Akọ̀wé ìdíje wo òṣùwọ̀n, ó wo obìnrin náà tó ń mì lórí rẹ̀ débi pé nọ́ńbà kò lè dúró, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó." Nígbà tó dúró, márùndínláàádọ́rin àti díẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Awakọ̀ Tírélà fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Kóòṣì ò parọ́ nípa ọwọ́ yẹn. Ní abala kìíní, obìnrin náà ò rí ọ̀nà wọlé. Ní abala kejì, ẹ̀ṣẹ́ kan bá a létí, ayé sì fà á mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òòfà tó ní. Rẹfirí kà dé mẹ́fà kó tó dìde. Ó dìde tán, kò sá mọ́. Ó bọ́ sábẹ́ ọwọ́ gígùn náà, ó dúró síbẹ̀, ó ń lu egungun ìhà bí ẹni tó ń gúnyán, Awakọ̀ Tírélà sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí èèyàn bá wò ó, ó lè já sí ibi yòówù. Adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ló dá Ara-ò-balẹ̀ láre.

Ẹni tí wọ́n bá kà fún kò ní jà lọ́jọ́ kejì àfi bí dókítà bá gbà. Dókítà náà mú un jókòó, ó tan iná sí i lójú.

"Ọjọ́ wo lòní?"

Ó sọ ọ́.

"Níbo la wà?"

"Ayé ni."

Dókítà dá bíírò dúró. "Mo bi yín dáadáa o. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ wà, ẹ ò ní jà lọ́la."

"Dókítà, ẹ má bínú," ọkọ rẹ̀ yára dá sí i. "Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lù ú náà nìyẹn."

"Òun ni mo bi, sà."

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ kó lè dúró jẹ́ẹ́. "Inú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni, lẹ́yìn ojú ìjà, ní pápá ìdárayá. Kóòṣì mi ló ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i."

Dókítà tún tan iná sí ojú kan, ó tan sí èkejì, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i.