Pẹ́ńtà àti Ògiri Oníyọ̀

Ọmọbìnrin náà ti èékánná bọ abẹ́ ọ̀dà ara ògiri, ó rọra fà á. Ọ̀dà náà ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, ó gùn tó apá, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ó ká a mọ́ ìka, ó jù ú sílẹ̀, ó wá etí mìíràn. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ọdún méjìlélógún ló ti ń kunlé. Pẹ́ńtà ni gbogbo èèyàn ń pè é, débi pé àwọn kan nínú ẹbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ní ìlú ńlá tí wọ́n ti wá, kò sí ilé tó kùn tí ọ̀dà rẹ̀ bó kó tó pé ọdún márùn-ún. Yàrá ọmọ tirẹ̀ nìyí, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré.

Owó ilé ló lé wọn dé etí òkun. Iye tí wọ́n ń san lórí yàrá kan lọ́hùn-ún gba yàrá méjì àti ilé ìdáná níbí, ilé-ìwé tó wà lókè ọ̀nà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá àyè nínú rẹ̀. Wọ́n gba ọmọ náà wọlé. Ọmọ ọdún márùndínlógún ni, kò sì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó dé. Ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà obìnrin, tó bá a tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí, ló dá àdéhùn sílẹ̀: tó bá di ọjọ́ Ajé tí ilé-ìwé máa wọlé, kí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn, kó dúró ti bàbá rẹ̀ tàbí kó padà sọ́dọ̀ òun, Àǹtí rẹ̀, ní ìlú ńlá. Pẹ́ńtà ti gbà. Àǹtí wá ń pè lórí fóònù lójoojúmọ́ pé àjò kì í dùn kónílé má relé. Pẹ́ńtà a máa bi ara rẹ̀ pé ilé wo, nítorí ẹlòmíì ti kó sí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi kun yàrá náà kí wọ́n tó tú ẹrù. Àwọ̀ ewé tó wà ní yàrá ọmọ náà ní ìlú ńlá ló pò, ó pò ó títí kò fi sí ìyàtọ̀.

Ìyá onílé, arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀, gòkè wá wò ó. Ó fi ìka kan ògiri, ó fi kan ahọ́n.

"Pẹ́ńtà, ṣé o wẹ̀ ẹ́?"

Ó ní òun ha ògiri náà, òun sì gbọn eruku rẹ̀ dànù.

"Iyọ̀ òkun ò gbọ́ gbígbọn. Omi la fi ń wẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, ká tó kùn ún. A kì í wọṣọ fẹ́ni tí ò tíì wẹ̀. Àbí bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń wọ tìrẹ ni?"

Ojú ti Pẹ́ńtà. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, ó gbé e mì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wẹ ògiri náà. Bàbá kò ní kó wá ran òun lọ́wọ́. Ọmọ náà ló kàn mú kànrìnkàn kejì, tó bẹ̀rẹ̀ láti igun kejì. Wọ́n da korobá kan nù, wọ́n da ìkejì. Ìdí ìkẹta ni wọ́n wà tó fi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

"Ẹ ò bi mí, Dádì."

"Kí ni mi ò bi ọ́?"

"Àwọ̀ tí mo fẹ́. Mi ò fẹ́ràn àwọ̀ ewé yẹn rí." Ó ti kànrìnkàn bọ omi. "Ti ìlú yìí náà, ẹ ò bi mí."

Pẹ́ńtà fún omi kànrìnkàn tirẹ̀ dànù. Ohun tí bàbá máa ń wí fọ́mọ ti dé ètè rẹ̀, pé nítorí tìẹ ni, pé lọ́la wàá dúpẹ́. Kò wí i.

"Òótọ́ ni, mi ò bi ọ́." Ó wo ọmọ náà. "Mò ń bi ọ́ báyìí."

Ọmọ náà tún ti kànrìnkàn bọ omi. Ó ń wẹ ògiri lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, kí aago méje tó lù, Pẹ́ńtà ti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ tí fóònù dún nínú yàrá ọmọ náà, ó sì mọ ẹni tó ń pè. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́rùn ọmọ náà, fóònù wà létí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí, mi ò lè pẹ́ lórí fóònù. Aago mẹ́jọ la máa wọ kíláàsì." Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Mo ti rò ó."

Pẹ́ńtà dìde, ó ní kí òun sìn ín débẹ̀. Ọmọ náà wo ṣòkòtò rẹ̀ tí oríṣiríṣi ọ̀dà ti gbẹ sí lára.

"Ẹ dúró síbí, Dádì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ ìlú ńlá ti ń kérò, kò yà síbẹ̀, ó gba ọ̀nà òkè lọ.